Páànù Abẹ́ Túùlù

Agolo bisikíìtì kan wà lórí tábìlì mi ní yàrá iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé, tí ó ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ègé páànù lọ: òmíràn jẹ́ ara agolo mílíìkì, òmíràn jẹ́ ara agolo sàdíìnì, òmíràn sì jẹ́ ègé ayùn ìgérin tí eyín rẹ̀ ti kú, wáyà tín-ín-rín ni a fi di gbogbo wọn ní ìdì-ìdì. Wọn a wá bi mí pé, "Sà, kí ni ẹ ń fi pàǹtí yìí ṣe?" Èmi kì í tètè dá wọn lóhùn. Ìtàn pàǹtí náà gùn, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n olóòtú ìwé yìí ti ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi ní èdè wa, nǹkan mìíràn kò sì wá sí mi lọ́kàn.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ ìwé kíkà nìkan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ léètì ti rí. Ẹ ti rí àwọn ìyá tí ń bó ọsàn tà lẹ́bàá títì. Ọwọ́ òsì ni ó ń yí ọsàn. Ọ̀bẹ tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, èèpo sì ń jáde ní gígùn bí okùn. Bí ẹ̀rọ léètì ti ń ṣe irin nìyẹn. Irin tí a fẹ́ gé ni ó dà bí ọsàn: ṣọ́ọ̀kì tí ó ní èékánná mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó dì í mú ní apá òsì, tí ó sì ń yí i. Ní apá ọ̀tún, irin ẹnu ṣóńṣó kan tí a ń pè ní sẹ́ńtà fi imú ti ìdí rẹ̀ kí ó má baà máa jó. Túùlù ni ọ̀bẹ wa. Kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ; orí pẹpẹ kan tí ń rìn lọ rìn bọ̀ ni a dè é mọ́, nínú ìdè irin tí àwọn tọ́nà ń pè ní túùlù-póòsì. Ọwọ́ ènìyàn kò kan túùlù náà rárá bí ó ti ń gé. Ẹ rántí èyí. N óò padà sí i.

Ní ọdún 1994 àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì padà sí ilé. Mo wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ nígbà náà, mo sì gbà pé mo ti mọ púpọ̀. Ìyá mi ní ẹ̀rọ ìlọta kan ní iwájú ilé wa ní Ìbàdàn. Láti inú ata, ẹ̀wà àti àgbàdo tí àwọn ènìyàn ń gbé wá ni owó ilé-ìwé mi ti ń jáde, àti ti àwọn àbúrò mi méjì, nítorí pé bàbá wa ti fi ayé sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí a ń fà lọ sí ọjà. Nígbà tí a tú u, a rí i pé bíárìn ti ń yí lórí ṣáàfù, dípò kí àwọn méjèèjì jọ máa yí pọ̀, ó sì ti jẹ ṣáàfù náà bí eku ti ń jẹ ọṣẹ.

Ìyá mi gbé ṣáàfù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé e lọ fún ọ̀gá tọ́nà kan lẹ́bàá Géètì Agodi, ẹni tí ó ti ń bá a tún nǹkan ṣe láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ ní ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ní, Myford ML7, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà kan rí ní Beeston lẹ́bàá Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé àárín ṣọ́ọ̀kì jẹ́ ínṣì mẹ́ta àti ààbọ̀. Irin tí ó lè gbà láàárín sẹ́ńtà méjèèjì kò ju ogún ínṣì lọ. Àwọn tọ́nà tí wọ́n ní ẹ̀rọ gìrìwò ní àdúgbò náà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá di ti bíárìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn fúnra wọn ń rán ènìyàn sí.

Ọ̀gá wo ṣáàfù náà, ó fi èékánná ọwọ́ ha ibi tí ó ti jẹ, ó ní kí a kọ́kọ́ gbé e lọ fún wẹ́dà kí ó fi iná sun irin lé e lórí, kí ó tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà náà ni òun yóò wá gé e padà sí ìwọ̀n. Ihò bíárìn náà jẹ́ 25 mm. Ṣáàfù gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ ju 25 mm lọ kí bíárìn lè fún mọ́ ọn, díẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Irun orí ènìyàn nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gé e kọjá, bíárìn yóò tún máa yí lórí rẹ̀, a ó sì padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá ti gé e dé 25.5 mm. Ó pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́, ó ní òun ń lọ kírun, òun yóò sì yà sí ibi ìsọmọlórúkọ kan kí òun tó padà. Ó sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Má fọwọ́ kan ìyẹn o." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àkọ̀wé, máa lọ sílé. Kí o padà wá ní ìrọ̀lẹ́."

N kò lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìnáwó. Ní alẹ́ Jímọ̀ ni àwọn alásè ń gbé ata, tàtàsé àti àlùbọ́sà wá ní agbọ̀n-agbọ̀n. Owó alẹ́ ọjọ́ kan yẹn lè tó ti ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Ọlọ́ta kejì sì wà ní òdìkejì títì, tí ń fi ojú wo àwọn oníbàárà ìyá mi. Mo dúró ti ẹ̀rọ náà. Mo wo ṣáàfù tí ó wà ní ẹnu ṣọ́ọ̀kì. Mo rò ó pé ìdajì mìlímítà péré ni ó kù; kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí ẹni tí ó ti ka ìwé ọdún mẹ́ta kò lè ṣe?

Ibi tí bíárìn ń jókòó sí súnmọ́ ìdí ṣáàfù, ní apá sẹ́ńtà. Lójú mi, túùlù tí ọ̀gá fi síbẹ̀ kúrú. Ó dà bí ẹni pé pẹpẹ yóò kọ lu ìdí sẹ́ńtà kí ẹnu túùlù tó dé ibi tí mo fẹ́. Mo tú u. Mo mú òmíràn tí ó gùn jù ú lọ, mo fà á jáde kúrò nínú ìdè títí ó fi nà gọọrọ bí ìka tí ń fẹ̀sùn kan ènìyàn. Ìdì páànù tí ó wà ní abẹ́ túùlù àkọ́kọ́ ni mo kàn gbé sí abẹ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo tún fi ègé kan kún un nítorí pé ojú mi sọ fún mi pé ó kù díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ náà, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìdì ti túùlù yẹn kọ́ nìyẹn." Mo dá a lóhùn pé gbogbo páànù, páànù ni.

Mo tan ẹ̀rọ. Mo sún túùlù mọ́ iṣẹ́, ó ké wìì, irin náà sì ń dán. Inú mi dùn sí dídán náà. Nígbà tí mo fi maikirómítà wọ̀n ọ́n, kò dín rárá. Mo tún sún túùlù wọlé díẹ̀. Ó ké, ó dán, kò dín. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ìgbà kẹrin ni mo bínú tí mo sún un wọlé gan-an. Túùlù náà tẹrí ba, ó sì bu ṣáàfù jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbì! Bẹ́líìtì yọ̀, mọ́tò ń kérora, ọmọ iṣẹ́ sáré pa iná. Ní ibi tí túùlù ti bù ú, maikirómítà ka 24.78 mm.

Mo jókòó lórí àpótí. N kò rántí pé mo sọ nǹkan kan títí ọ̀gá fi dé.

Nígbà tí ó dé, kò pariwo. Ó wo ṣáàfù, ó wo túùlù tí ó nà gọọrọ, ó sì bi mí pé, "Àkọ̀wé, ta ni ó ní kí o ṣe é?" Lẹ́yìn náà ni ó fa túùlù náà wá sí iwájú sẹ́ńtà, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ẹnu ṣóńṣó náà, ó ní kí n wò ó. Ẹnu túùlù ga ju ti sẹ́ńtà lọ. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ó tó mìlímítà kan àti ààbọ̀.

Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Òun àti èmi ni a jọ gbé ṣáàfù náà lọ sí ilé ní alẹ́ yẹn. Àwọn agbọ̀n ata ti wà ní iwájú ilé; ìyá mi dìde nígbà tí ó rí wa, ojú rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ wa. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọwọ́ wa ni ó yẹ̀ ní ìsọ̀. A ó tún un ṣe, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Ọ̀gá, láti ọdún yìí wá, ọwọ́ yín kò yẹ̀ rí." Ọ̀gá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Èmi dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ń wo àwọn alásè bí wọ́n ti ń gbé agbọ̀n wọn kọjá sí òdìkejì títì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo padà lọ sí ìsọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀gá kò béèrè ohun tí mo wá ṣe. Ó fún mi ní ègé irin kan tí kò wúlò, ó ní kí n dè é sí ṣọ́ọ̀kì, kí n sì fá ojú rẹ̀ láti etí dé àárín. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí túùlù dé àárín, ìdodo kan ṣẹ́kù sí ojú irin náà. Ó ní, "Bí ó bá ti ní ìdodo, a kò tíì bí i tán." Gbogbo òwúrọ̀ yẹn ni mo fi ń wá bí ìdodo yóò ti parẹ́. Bí túùlù bá wà ní ìsàlẹ̀ àárín, ìdodo a dúró gbọnrangandan bí èèkàn kékeré. Bí ó bá wà ní òkè, ìdodo náà a rí ṣóńṣó bí orí òkìtì, nítorí pé ikùn túùlù ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ẹnu túùlù bá wà ní àárín gbùngbùn gan-an nìkan ni ojú irin ń mọ́ tónítóní.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ ti wá yé mi. A kì í pọ́n iwájú túùlù kí ó dúró ṣánṣán. A máa ń pọ́n ọn sẹ́yìn ní ìsàlẹ̀, bíi dígírì méje, kí ẹnu rẹ̀ lè kan iṣẹ́ kí ikùn rẹ̀ má sì kàn án. Ṣùgbọ́n ara irin róbótó ń tẹ̀ lọ. Bí a bá gbé túùlù ga ju àárín lọ ní mìlímítà kan àti ààbọ̀, lára irin tí ó jẹ́ 25 mm, dígírì bíi méje ni gíga yẹn yóò gbà kúrò nínú àyè abẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí tí a pọ́n sí i tán pátá nìyẹn. Ikùn túùlù mi ni ó ń ra ṣáàfù lára, tí ó ń mú un dán, tí ó sì ń ké. Ẹnu rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Nígbà tí mo wá fi agbára sún un, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ sí ìhà àárín, ẹnu rẹ̀ rí ọ̀nà, gbogbo ohun tí mo ti ń sún wọlé láti ẹ̀ẹ̀kẹta sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí tí ó fi tẹ̀ ni ó dùn mí jù. Nínú ìdánwò ọdún kejì, wọ́n bi wá léèrè nípa igi tí a rì mọ́ ògiri ní apá kan, tí a gbé ẹrù kọ́ apá kejì. Mo kọ ọ́ dáadáa: bí a bá sọ gígùn igi náà di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Mo gba máàkì tí ó dára. Kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé túùlù tí mo fà jáde gọọrọ nínú ìdè rẹ̀ ni igi yẹn. Èmi tí mo mọ ìlọ́po mẹ́jọ ni mo fà á jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kò mọ̀ ọ́n ni ó ní kí n má ṣe é.

Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ ìlọ́po. Ó ní kí túùlù má ṣe yọ jáde ju bí ọ̀ràn ti béèrè lọ. Bí ó bá dà bí ẹni pé kò ní dé ibi iṣẹ́, kí n yí ìdè rẹ̀ díẹ̀, tàbí kí n fa sẹ́ńtà síwájú nínú ilé rẹ̀, kí n má fa túùlù. Ó kọ́ mi bí a ti ń fi rúlà irin pẹlẹbẹ wo gíga. A ó fi ẹnu túùlù rọra tẹ rúlà náà mọ́ ara irin róbótó. Bí rúlà bá dúró ṣánṣán, ó ti bọ́ sí i. Bí orí rẹ̀ bá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣiṣẹ́, túùlù wà ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ lọ sí òdìkejì, túùlù ga jù. Ó kọ́ mi pé kí páànù gùn tó ìdí túùlù láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ó má jẹ́ pé iwájú nìkan ni a tì. Ó ní kí páànù má pọ̀: ègé ayùn mẹ́ta dára ju páànù agolo mẹ́sàn-án lọ, nítorí pé púpọ̀ wọn a máa rọ̀ bí tìmùtìmù. Bí a bá sì ti fún ìdè tán, kí a tún gíga wò, nítorí pé fífún a máa tẹ páànù mọ́lẹ̀. Ó ní kí n dagun túùlù díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ipá iṣẹ́ bá tì í yẹ̀ nínú ìdè, yóò yẹ̀ kúrò lára iṣẹ́, kò ní rì sí i.

Nígbà náà ni mo wá mọ ohun tí àwọn ìdì náà jẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá pọ́n túùlù lórí, ni ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà túùlù kọ̀ọ̀kan ní ìdì tirẹ̀, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní oríkì tirẹ̀, ọ̀gá a sì máa fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kún un bí túùlù ti ń dàgbà. Páànù agolo mílíìkì tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ègé ayùn tó ìdá mẹ́fà. Òun kò fi maikirómítà wọ̀n wọ́n. Ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ wọ́n wò, yóò sì sọ ọ́.

Bàbá tí ó bí ìyá mi jẹ́ alágbẹ̀dẹ, mo sì ti jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé arọ́ rẹ̀ ní kékeré. Bí irin bá yẹ̀ díẹ̀ lórí owú, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ kí ojú tó rí i. Yóò yí ẹ̀mú, ọmọ owú yóò sì bọ́ sí ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn tọ́nà àtijọ́ ní Yúróòpù rí, àwọn tí ń fi ọwọ́ mú túùlù lórí ìgbọ́wọ́lé kan, tí ọwọ́ wọn ń gbọ́ ohun tí irin ń sọ. Ní nǹkan bí ọdún 1800 ni Henry Maudslay ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ẹ̀rọ léètì rẹ̀ tí ń gé ojú skúrù, nínú èyí tí irin di túùlù mú ṣinṣin tí ó sì ń rìn ní ìlà tààrà. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú irú ìdè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ó di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Àǹfààní rẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a gbà kúrò lára túùlù, a gba gbígbọ́ rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Túùlù tí a dè kò lè yẹ̀ fún àṣìṣe. Bí a ti dè é ni yóò ti gé. Lójú tèmi, àwọn páànù yẹn ni ibi tí ọwọ́ náà sá lọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ kò tíì yí ni ọ̀gá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó bá tan iná, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Irin tí a fi ń ṣe túùlù ti yí padà púpọ̀. Láàárín ọdún 1898 sí 1900 ni Taylor àti White ní Bethlehem ní Amẹ́ríkà rí irin tí kì í rọ̀ bí ó tilẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Irú rẹ̀ ni ọ̀gá ń lò. Ní ọdún 1927 ilé iṣẹ́ Krupp ní Jámánì gbé kábáìdì jáde, èyí tí ó le jù ú lọ. (Kì í ṣe kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń da omi sí o. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti bi mí léèrè rí bóyá túùlù náà yóò gbiná bí òjò bá pa á.) Ṣùgbọ́n kábáìdì tí ó ga ju àárín lọ yóò fi ikùn ra iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí tèmi ti ṣe, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé òun yóò fọ́.

Ní yàrá iṣẹ́ wa lónìí, ìdè tí à ń pààrọ̀ kíákíá ni a ní. Túùlù kọ̀ọ̀kan ń gbé inú ilé irin tirẹ̀, nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lórí ilé náà tí a fi ń gbé e sókè sódò; bí a bá ti fi gíga rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, a lè yọ ọ́ kí a sì dá a padà nígbà ogún, gíga kò ní yẹ̀. Nǹkan dáadáa ni, n kò jẹ́ padà sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ẹ̀rọ kékeré ó máa ń gbé túùlù jáde síta díẹ̀ ju ìdè àtijọ́ lọ. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo máa ń ti ìdè náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ń gbé agolo bisikíìtì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń kùn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé mo ń fi àkókò ìjọba ṣòfò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti sáré jù. N kò tíì sọ bí ṣáàfù náà ti parí.

Ní ọjọ́ Ajé wẹ́dà tún sun irin lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀gá gé e títí ó fi ku ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà, ó sì kúrò ní ìdí ẹ̀rọ. Ó ní kí n bọ́ síbẹ̀. Mo mú túùlù, mo mú ìdì tirẹ̀, mo tì í wọ inú ìdè títí ó fi kù bíńtín ní ìta. Mo fi rúlà wò ó, mo fún ìdè, mo tún fi rúlà wò ó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tí mo tan iná tí mo sì sún túùlù mọ́ ọn, kò ké. Fífá irin tín-ín-rín ni ó ń jáde, ó ń ká bí irun ọmọ tuntun. Maikirómítà ka 25.01 mm. Ọ̀gá fi páìpù ti òrùka inú bíárìn, ó ń fi òòlù kàn án kọ́, kọ́, kọ́, títí ó fi jókòó.

A gbé e dé ilé, a tò ó pọ̀, ìyá mi tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ń dún bí oyin. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ka owó fún ọ̀gá. Ó dín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo ti yọ owó wẹ́dà ẹlẹ́ẹ̀kejì kúrò níbẹ̀, nítorí pé ìsọ̀ yín ni ó ti bàjẹ́." Ọ̀gá gba owó náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì yí padà láti máa lọ.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ohùn mi tó jáde. Mo ní, "Màmá, èmi ni. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án."

Ìyá mi kò wo ojú mi. Ó pe ọ̀gá padà, ó tú ìdí aṣọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ka ìyókù lé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú. Oníbàárà kan ti dé pẹ̀lú ike ata, ó ń dúró. Ìyá mi bọ́ ìborùn tí ó fi dì orí, ó mú ìgbákọ tí a fi ń da ata sí ẹnu ẹ̀rọ, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìwọ tí o dá a dúró, wá máa lọ ata."

Ó wọlé lọ sùn. Mo lọ ata títí ilẹ̀ fi ṣú, omi ń dà lójú mi, àwọn oníbàárà sì ń bi mí pé ṣé ìyá mi kò sí nílé ni.